Ọjọ́ Tí Ọkọ Àwẹ̀ró Já Bọ́

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ti ń rí."

Kò sí àgbàlagbà tí kò pa òwe yìí rí. Ẹni tó ń gbé ìyàwó ń pa á, ẹni tó ń sin òkú ń pa á, ẹni tó ń se ọbẹ̀ lásán náà ń pa á. Èmi gan-an ti pa á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ìyàwó àkọ́bí mi bí a ti ń ro ẹ̀kọ, òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fa ojú ro bí ìyá ọba. Ẹ̀kọ náà ṣàn bí àgbàrá, ife la fi mu ún. Ọmọ ọlọ́mọ wo inú ìkòkò, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá, ṣé bó ti ń rí nìyí?" Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nídìí mi.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ tún òwe náà gbọ́. Kò ní kó lè dára o. Kò ní kó lè tọ́. Ó ní kó lè rí bó ti ń rí. Báwo ló ti wá ń rí? Ta sì ni "wọ́n" tí wọ́n ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnu àgbà kan tó fi irùngbọ̀n funfun jókòó sórí awọ ẹkùn ló ti jáde. Kò jáde níbẹ̀. Ibi tó ti jáde kò ṣe é sọ níwájú àna ẹni, ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe àna mi, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́.

Ìlú kékeré kan wà láyé ọjọ́un tó ń jẹ́ Ìdó-Ọ̀pẹ. Baálẹ̀ wọn ni Oyèédìran. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ló fi ń dá ẹjọ́. Bí iyán àárọ̀ bá kúnná, ẹni tó jẹ̀bi yóò mú adìyẹ kan wá, ó parí. Bí iyán bá ta kókó, ẹlẹ́bi gbé! Ewúrẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí obìnrin méjì fi já ilá onílá láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, lóko kan náà. Èkíní san adìyẹ. Èkejì san ewúrẹ́, ó tún mú ọmọ ewúrẹ́ náà mọ́ ọn.

Àwọn obìnrin ìlú kó ọmọ odó lọ́wọ́, wọ́n lọ jókòó síwájú ilé Baálẹ̀.

"Baálẹ̀," ni obìnrin tó san ewúrẹ́ wí, "ṣé ilá tèmi yọ̀ ju tirẹ̀ lọ ni?"

Baálẹ̀ wo ọmọ odó, ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, ẹjọ́ tó bá jọra, bákan náà la ó máa dá a. Ohun tí a bá sọ lánàá la ó sọ lónìí."

Wọ́n wá yan bàbá kan tí kì í gbàgbé nǹkan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa jókòó sápá ọ̀tún Baálẹ̀, kó máa rántí bí wọ́n ti dá gbogbo ẹjọ́. Arántí ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: nǹkan náà dára. Ẹni tó bá fẹ́ já ilá onílá ti mọ̀ láti ilé rẹ̀ pé adìyẹ kan ni, yóò ro ó bóyá ọbẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Àna Baálẹ̀ fa àgbò wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹjọ́ ààlà rẹ̀ lè dùn. Baálẹ̀ wo àgbò náà tìfẹ́tìfẹ́, ó kérora, ó ní, "Àna mi, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ bi Arántí." Arántí di ojú, ó sọ bí wọ́n ti dá irú rẹ̀ rí, àna Baálẹ̀ sì fa àgbò rẹ̀ padà sílé. Ọjọ́ náà ni àwọn tálákà Ìdó-Ọ̀pẹ kọ́kọ́ sùn fọnfọn.

Nígbà tó yá, ẹjọ́ obì dé. Igi obì Ọ̀tún, ìjòyè tó tẹ̀lé Baálẹ̀, na ẹ̀ka rẹ̀ kọjá sínú ọgbà ìyá arúgbó kan. Ìyá náà ṣa obì tó já sílẹ̀ lọ́gbà rẹ̀, Ọ̀tún pè é ní olè. Wọ́n gbọ́ tẹnu Ọ̀tún, wọ́n gbọ́ tẹnu ìyá, ọ̀rọ̀ pọ̀, àlàyé gùn. Níkẹyìn Baálẹ̀ ní, "Ohun tó bá já bọ́ sórí ilẹ̀ ẹni, tẹni ni." Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Arántí di gbólóhùn kan yẹn sórí. Àlàyé tó ṣáájú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí ẹní níbẹ̀, nítorí ó ní orí kan ṣoṣo ni òun ní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀wọ́ oyin kan ṣí kúrò nínú agbè tí ẹnìkan fi ń sìn wọ́n, wọ́n já bọ́ sórí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Baálẹ̀ bojú wo Arántí. Arántí ní, "Ṣé ó já bọ́?" Wọ́n ní ó já bọ́. "Tonílẹ̀ ni." Àwọn èèyàn gbà. Ìjì tún gbé koríko òrùlé ọkùnrin kan, ó sọ ọ́ sí àgbàlá ẹlòmíràn. "Ṣé ó já bọ́?" Ó já bọ́. Onílé bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ọ̀run láti inú yàrá rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ fi koríko náà bo ilé ewúrẹ́. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ọdẹ kan ta ẹtu lọ́fà lóko ara rẹ̀, ẹtu sáré, ó já bọ́ sóko ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹran náà sọ̀ sí. Ọdẹ lọ sílé pẹ̀lú ọfà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà nígbà tí Láṣebìkan já bọ́.

Láṣebìkan ni ọkọ Àwẹ̀ró. Akọ̀pẹ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi igbà gun ọ̀pẹ, kó máa bẹ́ ẹyìn sílẹ̀. Ó ga, ó dúdú, itan rẹ̀ le bí òpó. Ẹnu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Tí ẹ bá fún un lóúnjẹ, tí ẹ fi í sílẹ̀, ó ti tán. Ọdún mẹ́tàlá ni Àwẹ̀ró ti wà nílé rẹ̀, ó ti bímọ márùn-ún fún un. Àwẹ̀ró ń bú u láàárọ̀, ó ń bú u lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí Láṣebìkan bá pẹ́ lóko díẹ̀, ẹ ó bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣe bí ẹni ń ṣa okúta. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó rí lára rẹ̀. Ta ló bi mí léèrè ohun tí mo rí lára tèmi?

Ọ̀pẹ kan wà ní ààlà oko Láṣebìkan àti oko Ládùúnní. Ládùúnní yìí, obìnrin pupa, ó sanra, ó lówó, ó ti jáde nílé ọkọ méjì. Ó ní ọ̀pẹ mẹ́rìnlélógún, kò sì sí ọkùnrin kankan tó ń bá a gùn wọ́n. Ọ̀pẹ ni mo ń wí o, ẹ má fi ẹ̀rín pa mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbà Láṣebìkan já. Bó ti ń bọ̀ láti òkè, orí imọ̀ ọ̀pẹ tí Ládùúnní kó jọ sóko rẹ̀ ló balẹ̀ sí. Imọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, kò lè dìde. Ládùúnní pe àwọn alágbàṣe rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé rẹ̀ tó wà nítòsí. Àwẹ̀ró sáré dé, ó ké, ó dúpẹ́. Oníṣègùn ní kí wọ́n má ṣì gbé ọkùnrin náà kúrò lójú kan. Ládùúnní ní kò burú, òun yóò máa tọ́jú rẹ̀. Omi gbóná láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, ọbẹ̀ ìgalà lálẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àwẹ̀ró mú àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì dání kí wọ́n wá gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ó bá Ládùúnní níwájú ilé, tó ń bó iṣu. Láṣebìkan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní, egungun wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú inúure. A wá mú Bàbá Àìná lọ sílé."

Ládùúnní kò gbójú sókè. "Bàbá Àìná wo?"

"Ọkọ mi tó wà lẹ́yìn yín yẹn."

"Ó já bọ́, àbí kò já bọ́?"

Àwẹ̀ró rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. "Ó já bọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Sórí ilẹ̀ ta?"

"Sórí ilẹ̀ yín."

"O ti dá ẹjọ́ náà tán. Ó dàbọ̀, Ìyá Àìná."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àwẹ̀ró. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀yin" bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, "ìwọ" dìde.

"Ìwọ Ládùúnní! Èyí tí o fẹ́ tí o fi sílẹ̀ kò tó ọ, tèmi lo fẹ́ ṣa nílẹ̀ bí ìgbín?"

"Mi ò ṣa á. Òkè ló ti wá."

"Bàbá Àìná, dìde ńbẹ̀!"

Láṣebìkan yọ egungun lẹ́nu. "Àwẹ̀ró, ìbàdí mi ni."

"Ṣé ìbàdí ni àbí ìgalà?"

Ọkùnrin náà wo egungun, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó dá egungun padà sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ di ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀. Gbogbo ìlú ló pé síbẹ̀. Àwọn tí kò lẹ́sẹ̀ ní kí wọ́n gbé àwọn wá. Wọ́n fi ẹní gbé Láṣebìkan wọlé. Àwẹ̀ró sọ tirẹ̀, Ládùúnní sọ tirẹ̀, Baálẹ̀ bojú wo Arántí. Arántí di ojú, ó ń mi síwá sẹ́yìn.

"Obì Ọ̀tún já bọ́, tonílẹ̀ ni. Oyin já bọ́, tonílẹ̀ ni. Koríko òrùlé já bọ́, tonílẹ̀ ni. Ẹtu já bọ́, tonílẹ̀ ni." Ó lajú. "Ṣé ọkùnrin yìí já bọ́?"

"Obì ni ọkọ mi ni?" Àwẹ̀ró kígbe.

"Oyin kì í ṣe obì, ọmọ mi. Ẹtu kì í sì í ṣe koríko. Já bọ́ ni mo bi ọ́."

Baálẹ̀ ń wò bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ó kọjú sí Láṣebìkan. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo rí sọ?"

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baba," ni Láṣebìkan wí. "Èmi ò ní nǹkan sọ. Mo kàn já bọ́ ni."

Áà, Láṣebìkan! Bó bá jẹ́ èmi ni ìyàwó rẹ̀, ìbàdí kejì ì bá yẹ̀ níbẹ̀.

Baálẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti fi hàn pé ti Àwẹ̀ró ló fẹ́ ṣe. Kó tó lanu, Ọ̀tún ti dìde.

"Baálẹ̀, ọdún kẹrin rèé tí mo ń wo obì mi lẹ́nu ìyá arúgbó. Ó dùn mí, mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí fún gbogbo èèyàn. Bí kò bá ní rí bẹ́ẹ̀ fún Ládùúnní lónìí, ẹ gba obì mi fún mi."

"Kí wọ́n sì gba ẹtu mi," ni ọdẹ wí.

Láti ẹ̀yìn èrò, obìnrin kan fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè, "Baálẹ̀, iyán àárọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé kò ta kókó?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Baálẹ̀ lọ́kàn. Ó rí i pé bí òun bá yà kúrò lójú ọ̀nà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ fún rere, wọn óò ní ikùn ni. Lọ́la, àna rẹ̀ yóò tún fa àgbò dé. Ó fi ọwọ́ bojú.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ara mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti sọ ọ́ rí. Láṣebìkan, ti Ládùúnní ni."

Ládùúnní dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin nítorí ayọ̀. Àìná, ọmọ Àwẹ̀ró obìnrin, bú sẹ́kún. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ sílé, ó ká ẹní ọkọ rẹ̀, ó tún un tẹ́, ó jókòó lé e lọ́sàn-án gangan. Ìyá Láṣebìkan, arúgbó tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀ tí èébú kò tán níbẹ̀, wá bá a.

"Ọmọ mi yìí ni wọ́n sọ di obì?"

"Ó ti di obì, Ìyá."

"Àwa tó ṣẹ́kù nílé yìí wá ńkọ́? Kí la jẹ́?"

Àwẹ̀ró wo ìyá ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn díẹ̀díẹ̀. "Ìyá," ó ní, "ẹ lọ so ìró yín le."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará Ìdó-Ọ̀pẹ rí ohun tí wọn ò rí rí. Àwẹ̀ró ṣáájú, àwọn ọmọ márààrún tẹ̀lé e lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìyá ọkọ fi ọ̀pá tẹ̀lé wọn, òbúkọ ilé wọn, tó ń rùn láti òkèèrè, tẹ̀lé ìyá ọkọ. Wọ́n dé ìdí ògiri amọ̀ tó yí àgbàlá Ládùúnní ká. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo ọ̀nà. Àwẹ̀ró di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó fà, ó kérora, ó gùn ún tán. Ó wá gbé orí sísàlẹ̀ sínú àgbàlá, ìdí rẹ̀ wà lókè, ìdí náà sì kọjú sí gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ló ti lọgun:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ti ń rí!"

Gbì! Ó já bọ́.

Àìná gun ògiri: gbì. Àwọn ọmọ yòókù: gbì, gbì, gbì, gbì. Ọkùnrin méjì gbé ìyá arúgbó sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n já bọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Wọ́n sọ òbúkọ tẹ̀lé e.

Ládùúnní yọ sí wọn pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Kí lèyí? Kí lèyí?"

Àwẹ̀ró gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára. "A já bọ́ ni. Tìrẹ ni wá. Kí la máa jẹ?"

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Ládùúnní fi lówó èèyàn, kó tó máa wá ibi sá sí. Àwọn ọmọ jẹ ìgalà tán, wọ́n kọjú sí adìyẹ. Òbúkọ wọ yàrá. Ìyá Láṣebìkan tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ọmọ òun kò tíì jẹ ọbẹ̀ tó jọ omi ẹsẹ̀ báyìí rí. Ibi tí Ládùúnní bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí nítòsí Láṣebìkan, Àwẹ̀ró ti tẹ́ ẹní sáàárín, ó ń hanrun. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, Ládùúnní ló kọ́kọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀; òrùn kò tíì yọ tán.

"Baálẹ̀, mi ò fẹ́ mọ́. Kí wọ́n kó gbogbo wọn, kí wọ́n gbé ọkùnrin náà pẹ̀lú."

Baálẹ̀ bojú wo Arántí. Arántí di ojú.

"Kò sí i lórí mi," ó ní. "Ẹni tí nǹkan já bọ́ fún kò kọ̀ ọ́ rí."

Ládùúnní ká ọwọ́ lérí. Ìlú rẹ́rìn-ín títí igún fi fò lórí òrùlé. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé, "Ẹ lé Arántí! Kí Baálẹ̀ máa dá a bó bá ti rí i!"

Àwẹ̀ró ló dìde. "Ẹ má lé e o. Ìyá mi ló san ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ilá yẹn. Ẹ̀yin tí iyán ò tíì ta kókó lójú yín, ẹ dákẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní. Baba Arántí, ẹ rántí pé wọ́n fún ìyá arúgbó ní obì. Ẹ ṣeun. Kí ni ìdí rẹ̀?"

Arántí lanu.

"Wọn ò ní kí n rántí ìdí."

"Yéè!" ni Ìyá Láṣebìkan ké. "Ìdájọ́ tí kò ní ìdí! Kí ló wá fi ń jókòó láti ọjọ́ yìí?"

Ó pẹ́ kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde nílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orí bí ẹni tó ń wá ohun tó fi sí àjà.

"Èmi ni mo dá ẹjọ́ náà," ó ní. "Ẹ dúró. Mo bi ìyá náà pé ta ló ń gbá ewé igi yẹn láràárọ̀. Òun ni. Ẹ̀ka rẹ̀ ti fọ́ ìkòkò rẹ̀ méjì, Ọ̀tún kò bá a rà á. Mo wá ní ẹni tó ń jẹ ìyà igi, òun ni kó jẹ obì igi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn! Kì í ṣe já bọ́. Já bọ́ kàn wà níbẹ̀ ni."

Ládùúnní ló kọ́kọ́ gbọ́n sí i. "Bó bá jẹ́ ti ìyà, mo jẹ ẹ́! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fi omi gbóná pa á níbàdí!"

"Ọ̀sẹ̀ méjì!" Àwẹ̀ró ti wà níwájú rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń gbọ́ ìhanrun rẹ̀. Mo ti fọ aṣọ tó fi gun ọ̀pẹ, mo ti yọ ẹ̀gún ọ̀pẹ kúrò níbi tí n kò lè dárúkọ níwájú Baálẹ̀. Lọ́dún tí ọ̀fìnkìn mú un, ó ní òun ń kú. Ọjọ́ méje ni mo fi bá a kú u. Ó ń jẹun, kì í sọ pé ó dùn. Ìwọ Ládùúnní, ṣé ó ti sọ fún ọ rí pé ó dùn?"

Ládùúnní ronú. "Kò sọ ọ́," ó jẹ́wọ́.

"Kò sì ní sọ ọ́!"

Láṣebìkan gbé orí sókè lórí ẹní. "Ó dùn," ó ní. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá wí, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló ń wò.

Baálẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́. "Láṣebìkan, ti Àwẹ̀ró ni. Ládùúnní, ìtọ́jú tí o ṣe kò ní ṣòfò: bí ìbàdí rẹ̀ bá san, yóò bẹ́ ẹyìn orí ọ̀pẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún fún ọ lẹ́ẹ̀kan."

"Èmi ni n óò máa yẹ igbà rẹ̀ wò kó tó gùn," ni Àwẹ̀ró wí, "n óò sì dúró nídìí ọ̀pẹ."

Wọ́n dá ẹtu ọdẹ padà, ìyẹn ni pé wọ́n fún un ní awọ rẹ̀, nítorí ẹran ti di ìtàn. Wọ́n tú koríko kúrò lórí ilé ewúrẹ́. Ọ̀tún náà dìde, ó gbọn agbádá. "Obì mi ńkọ́?"

"Tìrẹ kò yí," ni Baálẹ̀ wí. "Mú ìgbálẹ̀, kí o lọ gbá ewé."

Láti ọjọ́ náà ni Arántí ti ń di ìdájọ́ àti ìdí rẹ̀ sórí pọ̀. Ẹ má rò pé ayé wá dùn tán. Ẹjọ́ ilá tó ń parí kí ìrì tó gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọ̀sán, nítorí gbogbo èèyàn ti di awádìí. Ẹni tó jẹ̀bi yóò ní ìdí ti àná kò bá ìdí tòun mu, àwọn àgbà yóò máa sùn, Baálẹ̀ yóò máa gbọ́ òórùn iyán rẹ̀ láti inú ilé tí kò lè lọ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún gba ọkọ ọlọ́kọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Arántí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́sẹ̀ náà, èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lọ ni èyí tí Àwẹ̀ró ké lórí ògiri. Ó rò pé ọgbọ́n ńlá ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣí ilé ẹjọ́ láràárọ̀, yóò fa ojú ro, yóò rọra sọ ọ́ tàgbàtàgbà, àwọn àgbà yóò sì mi orí. Ọdún mẹ́ta kò pé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fi di òwe ìlú. Àwọn àlejò gbé e lọ sílé, wọ́n fi ń kọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan láti ìlú mìíràn bi Arántí níwájú gbogbo èèyàn pé, "Baba, òwe yín yìí jinlẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀?"

Arántí di ojú. Ó wá a, wá a, kò rí i. Láàárín àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́yìn, Àwẹ̀ró dìde dúró. Ó kẹ̀yìn sí àlejò náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lu ìdí tirẹ̀ pẹ́pẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ kí ẹ ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìdí. Bó bá ní in, ẹ bá a ṣe é. Bí kò bá ní in, ẹ ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ sì mọ èyí tó wà lókè nígbà tó ń sọ ọ́: ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ti ń rí.